Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ́ Kíláàsì Tó Tutù, Tó Mọ́lẹ̀, Tí Kò sì Ní Máa Jẹ Owó Ilé-Ẹ̀kọ́

Ìbéèrè kan náà ni àwọn olùdásílẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ọ̀gá àgbà àti ìgbìmọ̀ òbí ń bi mí léraléra: "A fẹ́ kọ́ kíláàsì tí kò ní ba àyíká jẹ́, tí kò sì ní máa jẹ owó iná. Sólà mélòó ni ká rà?" Èsì mi kì í yí padà: ẹ fi sólà sẹ́yìn ná. Ibi tí ilé kọjú sí, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé tó sì ń gbà jáde, bí etí òrùlé ṣe yọ síta tó, àwọn wọ̀nyí ló ń pinnu bóyá ọmọ á lè jókòó kàwé lọ́sàn-án gangan. Owó tí wọ́n ń gbà kò tó nǹkan bí ẹ bá ti rò wọ́n kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Tí kọnkéré bá ti le tán, ilé ò ṣeé yí mọ́.

Mo ti jókòó rí nínú kíláàsì kan tí gbogbo fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tó fi máa di aago méjì ọ̀sán, àwọn ọmọ tó wà lẹ́bàá fèrèsé ti wọ́ àga wọn kúrò, wọ́n ti há mọ́ ara wọn lápá kejì yàrá. Ọmọbìnrin kan gbé ìwé sókè, ó fi dí oòrùn lójú, ó ń fi ọwọ́ kejì kọ̀wé. Pátákó ń dán yanranyanran, kò sẹ́ni tó lè ka ohun tí tíṣà kọ síbẹ̀. Fáànù méjì ń yí lókè, ooru ni wọ́n ń rò kiri. Ilé yẹn lágbára, wọ́n sì ná owó sí i dáadáa. Ibi tó kọjú sí ló bà á jẹ́.

Ilẹ̀ tí ooru máa ń mú lọ́pọ̀ oṣù nínú ọdún ni mo ní lọ́kàn nínú ìtọ́sọ́nà yìí. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti yàtọ̀ fún àwọn tó wà nílẹ̀ olótùútù, mo sọ ọ́ síbẹ̀.

## Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó pe ayàwòrán ilé

- Iye ọmọ tó wà báyìí, àti iye tí ẹ rò pé wọ́n á di lọ́dún mẹ́wàá sí i.
- Àwòrán ilẹ̀ náà, pẹ̀lú gbogbo igi ńlá tó wà lórí rẹ̀.
- Iye òjò tó ń rọ̀ lóṣooṣù lágbègbè yín. Iléeṣẹ́ tó ń wo ojú ọjọ́ máa ń ní in.
- Ibi tí afẹ́fẹ́ ti sábà máa ń fẹ́ wá ní oṣù tó gbóná jù.
- Ibi tí omi ń gbà kọjá nígbà tí òjò bá rọ̀ gan-an. Ẹ má béèrè èyí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wọ bàtà òjò, kí ẹ lọ dúró síbẹ̀ fúnra yín nígbà tí òjò ń rọ̀, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀.
- Orúkọ ẹni tí á máa tọ́jú ilé náà lẹ́yìn tí kọngilá bá ti lọ.

## Ìgbésẹ̀ 1: Ṣé ẹ nílò ilé tuntun lóòótọ́?

Ilé tó ti wà nílẹ̀ ti gba sìmẹ́ńtì, irin àti iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ìpìlẹ̀ àti ògiri rẹ̀ bá ṣì dára, àtúnṣe rẹ̀ sábà máa ń dín owó kù, ó sì máa ń dín ìbàjẹ́ àyíká kù ju pé kí ẹ wó o lọ. Ẹ yẹ àkókò ẹ̀kọ́ wò pẹ̀lú. Nígbà mìíràn yàrá méjì máa wà lófìfo ní wákàtí tí ìgbìmọ̀ ń sọ pé àyè ò tó.

Ìkìlọ̀: bí ẹ bá rí ògiri tó sán ní ìdábùú tó gba àárín ògiri kọjá, tàbí òpó tí irin inú rẹ̀ ti yọ síta tó ti dógùn-ún, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ ná, kí ẹ pe ẹnjiníà. Ọ̀dà ò lè wo irú rẹ̀ sàn.

## Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ wá ojú oòrùn

Ìgbésẹ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù, kò sì gba owó kankan. Ọ̀pá kan, okùn kan àti òkúta méjì ti tó. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá yín ṣe é.

1. Ẹ ri ọ̀pá tó ga tó mítà 1 mọ́ ilẹ̀ tó tẹ́jú, kó dúró ṣánṣán. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ fi wò ó bóyá kò tẹ̀.
2. Ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ẹ gbé òkúta kan sí ìparí òjìji ọ̀pá náà.
3. Ẹ so okùn mọ́ ìdí ọ̀pá, kí ẹ na án dé ibi òkúta, kí ẹ wá fi fa ìlà roboto yí ọ̀pá ká.
4. Òjìji á máa kúrú títí di ọ̀sán, lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ìgbà tí ìparí rẹ̀ bá tún kan ìlà roboto yẹn lọ́sàn-án, ẹ gbé òkúta kejì síbẹ̀.
5. Ẹ fa ìlà láti òkúta kan dé èkejì. Ìlà yẹn ló lọ tààrà láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn. Òkúta tàárọ̀ ló wà lápá ìwọ̀-oòrùn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí gígùn ilé náà tẹ̀ lé ìlà yẹn. Fèrèsé á wá kọjú sí àríwá àti gúúsù, níbi tí oòrùn ti máa ń ga lókè, tí etí òrùlé sì lè dí i. Ògiri kúkúrú méjèèjì ló máa kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn. Ẹ má ṣí fèrèsé sára wọn. Ẹ fi yàrá ìkẹ́rù, àtẹ̀gùn tàbí ilé ìwẹ̀ sápá ibẹ̀. Oòrùn àárọ̀ àti oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń wọlé ní ìsàlẹ̀, kò sí etí òrùlé tó gùn tó láti dá a dúró.

Bí ilẹ̀ yín ò bá gbà á tán, ẹ lè yí ilé náà díẹ̀, tó ìwọ̀n digíríì 15 sí 20, kó lè gba afẹ́fẹ́ dáadáa, kò ní ba nǹkan jẹ́ púpọ̀. Bí ilẹ̀ bá há débi pé ìwọ̀-oòrùn nìkan ni ilé lè kọjú sí, ẹ fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó fẹ̀ tó mítà 2 sápá ibẹ̀, kí ẹ gbin igi, kí ẹ sì ṣe ìgànná pẹlẹbẹ tó dúró lóòró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan.

Fún ilẹ̀ olótùútù: gígùn ilé ṣì máa tẹ̀ lé ìlà kan náà, àmọ́ ńṣe lẹ máa jẹ́ kí fèrèsé tó tóbi jù kọjú sápá tí oòrùn ń gbà kọjá lọ́sàn-án, kí ooru rẹ̀ lè wọlé ní ìgbà òtútù. Ìyẹn ni gúúsù fún ẹni tó wà lápá àríwá ayé, àti àríwá fún ẹni tó wà lápá gúúsù.

## Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ríbi wọlé, kó ríbi jáde

Afẹ́fẹ́ kì í wọ inú yàrá tí kò bá ti rí ọ̀nà àbájáde. Fèrèsé apá kan ṣoṣo kì í tó. Nítorí náà, ẹ to kíláàsì sórí ìlà kan, kí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà lápá kan rẹ̀, kí apá kejì sì ṣí sí gbangba. Ilé tó ní kíláàsì lọ́tùn-ún àti lósì pẹ̀lú ọ̀nà tó ṣókùnkùn láàárín máa ń dín ilẹ̀ kù, àmọ́ iná ọba àti fáànù lẹ máa fi gbọ́ bùkátà rẹ̀ títí láé.

Àwọn òdiwọ̀n tí ẹ lè fi bá ayàwòrán sọ̀rọ̀:

- Àjà: kó má ṣe rẹlẹ̀ ju mítà 3 lọ.
- Afẹ́fẹ́: bí fèrèsé bá wà lápá méjèèjì, fífẹ̀ yàrá lè tó ìlọ́po márùn-ún gíga àjà. Bó bá jẹ́ apá kan, kó má ju ìlọ́po méjì lọ.
- Ìmọ́lẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán máa ń wọlé dé nǹkan bí ìlọ́po méjì gíga orí fèrèsé. Fèrèsé tí orí rẹ̀ wà ní mítà 2.5 á tan ìmọ́lẹ̀ dé mítà 5. Tí kíláàsì bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn tó jókòó lápá kejì á máa kàwé nínú òkùnkùn, àfi kí ẹ ṣí fèrèsé sápá méjèèjì.
- Ihò afẹ́fẹ́ lókè ògiri, lábẹ́ àjà, kí ooru tó gòkè lè ríbi jáde.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ níbí ni fèrèsé tí wọ́n ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó dùn-ún wò, àmọ́ ìdajì rẹ̀ nìkan ló máa ń ṣí láé. Fèrèsé tó ń ṣí síta pátápátá, tàbí èyí tó ní gíláàsì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń yí, ń fúnni ní gbogbo àyè tí ẹ sanwó fún. Bí ẹ bá máa fi nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sí i, ẹ mú fèrèsé náà tóbi sí i, torí nẹ́ẹ̀tì máa ń dín afẹ́fẹ́ kù.

Ẹ má fi fèrèsé sára ògiri pátákó. Ìmọ́lẹ̀ tó bá ti ẹ̀yìn tíṣà wá máa ń gún ojú ọmọ. Ẹ sì jẹ́ kí ilẹ̀kùn máa ṣí síta, kó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 90 ó kéré tán, kí gbogbo wọn lè sá jáde bí iná bá ṣẹ́ yọ.

## Ìgbésẹ̀ 4: Òrùlé lẹ máa náwó lé lórí

Nílé alájà kan, òrùlé ló ń gba oòrùn jù, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Páànù lásán tí kò ní àjà lábẹ́ máa ń da ooru sórí àwọn ọmọ bí ààrò. Tí òjò bá sì bẹ̀rẹ̀, ariwo rẹ̀ á bo ohùn tíṣà mọ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ á dúró. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ ṣe:

1. Ẹ lo páànù tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Funfun tàbí àwọ̀ eérú fẹ́ẹ́rẹ́ ń ta oòrùn padà. Pupa rúsúrúsú àti dúdú ń gbà á mọ́ra.
2. Ẹ ṣe àjà, kí ẹ sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè gba àárín àjà àti páànù kọjá. Ẹ ṣí ihò sí etí òrùlé méjèèjì, kí ẹ fi nẹ́ẹ̀tì dí i kí àdán àti ẹyẹ má bàa wọlé.
3. Ẹ na etí òrùlé síta tó sẹ̀ǹtímítà 90 sí 120 lápá àríwá àti gúúsù. Ó ń dí oòrùn, ó sì ń gba ògiri lọ́wọ́ òjò. Níbi tó sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé, oòrùn máa ń wà lápá àríwá fún oṣù díẹ̀, á tún lọ sí gúúsù, torí náà apá méjèèjì ló nílò rẹ̀.

Ẹ ní kí ayàwòrán fi hàn yín nínú àwòrán ibi tí òjìji etí òrùlé máa dé lára fèrèsé ní aago mẹ́wàá àárọ̀ àti aago méjì ọ̀sán, ní oṣù tó gbóná jù. Bí kò bá lè fi hàn yín, ẹ má tíì fọwọ́ sí i.

Bí ẹ bá fẹ́ rí bí òrùlé onípele méjì ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ wo fọ́tò ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí ayàwòrán ilé Francis Kéré kọ́ sí abúlé rẹ̀, Gando, ní Burkina Faso, èyí tí wọ́n parí ní 2001. Bíríkì amọ̀ ni wọ́n fi ṣe ògiri àti àjà. Wọ́n wá fi irin tín-ín-rín gbé páànù sókè gan-an lórí àjà náà, débi pé afẹ́fẹ́ ń gba àárín wọn kọjá fàlàlà, ó ń kó ooru lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ. Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló bá wọn ṣiṣẹ́ náà. Ilé yẹn gba ẹ̀bùn Aga Khan fún iṣẹ́ ìkọ́lé ní 2004, Kéré sì di ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba Pritzker, ẹ̀bùn ńlá fún àwọn ayàwòrán ilé, ní 2022. Irin tí wọ́n lò kì í ṣe irin àrà ọ̀tọ̀, irin ìkọ́lé tí bírikílà ń lò lójoojúmọ́ ni wọ́n jó pọ̀.

Ìkìlọ̀ ńlá: bí òrùlé tàbí àjà àtijọ́ yín bá jẹ́ ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má fi ayùn rẹ́ ẹ, ẹ má sì fi ìgbálẹ̀ gbá èérún rẹ̀. Eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Àwọn tó kọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń kó o ni kí ẹ pè, nígbà tí àwọn ọmọ ò sí nílé-ẹ̀kọ́.

## Ìgbésẹ̀ 5: Ẹ yan ohun ìkọ́lé pẹ̀lú ọgbọ́n

Ṣíṣe sìmẹ́ńtì nìkan ló ń tú nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún carbon dioxide, afẹ́fẹ́ tó ń mú kí ayé gbóná, tí àwa èèyàn ń tú sáfẹ́fẹ́ lágbàáyé. Èyí ò ní kí ẹ má lò ó. Ó ní kí ẹ lò ó síbi tó yẹ: ìpìlẹ̀, òpó, àti ìlà kọnkéré tó ń di orí ògiri pọ̀. Ògiri kíláàsì alájà kan kò nílò búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì dandan. Bíríkì amọ̀ tí a fi ẹ̀rọ tẹ̀, tí a fi sìmẹ́ńtì díẹ̀ sí, lè gbé e. Wọn kì í sun ún, nítorí náà kì í jẹ igi ìdáná.

Ẹ yẹ ilẹ̀ yín wò báyìí:

1. Ẹ gbẹ́ kúrò nínú ilẹ̀ dúdú òkè, ẹ bu erùpẹ̀ abẹ́ rẹ̀.
2. Ẹ bù ú sínú ìgò fífẹ̀ kan tó mọ́ gaara, kó kún dé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ẹ bu omi kún un, ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí i.
3. Ẹ dé e, kí ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì.
4. Yanrìn á sùn sísàlẹ̀, erùpẹ̀ kúnnákúnná á tẹ̀ lé e, amọ̀ á wà lókè. Ẹ fi rúlà wọn ìpele kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí ẹ ń wá ni kí yanrìn pọ̀ ju ìdajì lọ, kí amọ̀ sì wà láàárín ìdá 15 sí 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí amọ̀ bá pọ̀ jù, bíríkì á máa sán, ẹ pò ó mọ́ yanrìn. Bí yanrìn bá pọ̀ jù, kò ní dì mọ́ra. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n sábà ń fi sí i jẹ́ ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ bo bíríkì tuntun, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ 28 kí ẹ tó fi kọ́lé. Lẹ́yìn náà, ẹ mú mẹ́ta nínú wọn, kí ẹ rì wọ́n sínú omi mọ́jú. Bí etí wọn bá ń bó sílẹ̀ lọ́wọ́ yín láàárọ̀, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi irú rẹ̀ kọ́ ògiri.

Bíríkì amọ̀ kì í fẹ́ omi. Ẹ gbé e sórí ìpìlẹ̀ tó yọ sókè ju ilẹ̀ lọ ní sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán (30 ló dára jù níbi tí òjò ń pọ̀), kí ẹ sì tẹ́ náílọ́ọ̀nù tó nípọn láàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri kí ọ̀rinrin má bàa gòkè.

Bí ilẹ̀ yín kò bá dára fún un, ohun mìíràn wà: òkúta àdúgbò, búlọ́ọ̀kù oníhò, pákó tí ẹ mọ igbó tí wọ́n ti gé e, tàbí ọparun tí wọ́n ti fi oògùn wẹ̀ kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́. Èyí tó sún mọ́ yín jù ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò, torí gbígbé ẹrù láti ọ̀nà jíjìn ń jẹ epo, ó sì ń jẹ owó.

Ní ti kọnkéré, ohun tó ń bà á jẹ́ jù ni omi àpọ̀jù. Bírikílà á rí i pé ó ń le lábẹ́ ṣọ́bìrì, á bu garawa omi kan sí i kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Garawa yẹn ló ń sọ ilé tó yẹ kó pẹ́ di ilé tó ń tètè bàjẹ́. Ẹ dúró tì wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń pò ó. Lẹ́yìn tí wọ́n bá dà á, ẹ máa rin ín fún ọjọ́ méje ó kéré tán, àpò tó tutù lórí rẹ̀ sì dára ju omi tí ẹ kàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́.

Ọ̀dà: ẹ béèrè èyí tí kò ní òjé. Kò sí ìwọ̀n òjé tí kò léwu fún ọpọlọ ọmọdé. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń dámọ̀ràn pé kí òjé inú ọ̀dà má kọjá ni ìdá 90 nínú mílíọ̀nù kan, ẹ sì ní kí wọ́n fi ìwé àyẹ̀wò hàn yín.

## Ìgbésẹ̀ 6: Omi

Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò ní òun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ẹ kọ́kọ́ wá ọ̀nà fún un: ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ yí ilé ká dagun kúrò lára ògiri, kí omi sì lọ sínú kòtò koríko tàbí kòtò olókùúta wẹ́wẹ́ tí á ti rọra wọlẹ̀. Ẹ má da sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá. Ibi tí ẹ bá bò pátá, omi ò ní ríbi wọlẹ̀, ooru rẹ̀ á sì máa wọ kíláàsì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gba omi orí òrùlé. Mílímítà 1 òjò lórí mítà onígun-mẹ́rin 1 jẹ́ lítà 1. Tó bá jẹ́ pé òrùlé yín jẹ́ mítà 10 ní fífẹ̀ àti mítà 30 ní gígùn, ó jẹ́ mítà onígun-mẹ́rin 300. Lóṣù tí òjò bá rọ̀ tó mílímítà 100, lítà 30,000 ló já sórí rẹ̀. Ẹ yọ nǹkan bí ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún fún èyí tó ta dànù tàbí tó gbẹ, ó ku 24,000. Ẹ ṣe é fún oṣù kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi wé ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ń lò, ẹ ó mọ bí táǹkì ṣe yẹ kó tóbi tó.

- Omi àkọ́kọ́ tó fọ òrùlé kì í wọ táǹkì. Ẹ fi páìpù mìíràn darí rẹ̀ sọ́gbà.
- Táǹkì gbọ́dọ̀ ní ìdérí, kí ìmọ́lẹ̀ má wọ̀ ọ́, kí nẹ́ẹ̀tì sì wà lẹ́nu rẹ̀.
- Omi yìí wà fún ìfọwọ́, ìfọlẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ọgbà. Ẹ má fún ọmọ mu àfi tí ẹ bá ti sè é tàbí tí ẹ fi oògùn pa kòkòrò inú rẹ̀.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀: òdiwọ̀n Àjọ Ìlera Àgbáyé ni ẹyọ kan fún ọmọbìnrin 25, àti ẹyọ kan pẹ̀lú ibi ìtọ̀ fún ọmọkùnrin 50, kí ti olùkọ́ sì wà lọ́tọ̀. Ti àwọn ọmọbìnrin gbọ́dọ̀ ní ìlẹ̀kùn tó ń tì látinú, omi nítòsí àti garawa onídèérí. Bó bá jẹ́ ṣáláńgá, kó jìnnà sí kànga tó mítà 30, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ga ju omi abẹ́ ilẹ̀ lọ ní mítà 1.5. Ẹ ṣe ojú ọ̀nà tó dagun díẹ̀díẹ̀ fún ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ: mítà 1 ní gíga, mítà 12 ní gígùn, ní kíláàsì àti ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

## Ìgbésẹ̀ 7: Igi

Ẹ sàmì sí gbogbo igi tó wà nílẹ̀ kí kátápílà tó wọlé, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn pé wọn ò gbọ́dọ̀ gé e. Ẹ gbin tuntun sápá ìwọ̀-oòrùn àti ìlà-oòrùn, kó jìnnà díẹ̀ sí ìpìlẹ̀ kí gbòǹgbò má bàa gbé e. Ẹ gbìn ín lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, kó lè ti dàgbà díẹ̀ nígbà tí ilé bá parí.

## Ìgbésẹ̀ 8: Sólà ló kàn báyìí

Ẹ kọ gbogbo ohun tó ń jẹ iná sílẹ̀. Àpẹẹrẹ fún kíláàsì kan:

- Gílóòbù LED 6, wáàtì 15 lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí 4: 360
- Fáànù 2, wáàtì 50 lọ́kọ̀ọ̀kan, wákàtí 6: 600

Wáàtì tí a sọ di ìlọ́po wákàtí (wáàtì-wákàtí) ni nọ́ńbà ìparí yẹn. Àpapọ̀ jẹ́ wáàtì-wákàtí 960 lóòjọ́. Kíláàsì mẹ́fà á jẹ́ 5,760. Ká ní oòrùn yín tó wákàtí 4.5 tó mú kíkankíkan lóòjọ́, kí ẹ sì ka ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún sí èyí tó ń ṣòfò lọ́nà: 5,760 tí a pín sí 4.5, tí a tún pín sí 0.75, jẹ́ nǹkan bí wáàtì 1,700. Páànẹ́ẹ̀lì wáàtì 450 mẹ́rin nìyẹn.

Wàyí o, ẹ fi fáànù oníwáàtì 30 rọ́pò ti oníwáàtì 50. Àpapọ̀ á wálẹ̀ sí 4,320, páànẹ́ẹ̀lì mẹ́ta á gbé e. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹ dín ohun tí ẹ ń lò kù kí ẹ tó ra ohun tí á máa pèsè rẹ̀. Kíláàsì tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá lè má nílò fáànù ní gbogbo wákàtí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Ọ̀sán ni ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣiṣẹ́, ìgbà náà ni oòrùn wà, torí náà bátìrì kékeré lè tó yín. Bátìrì olómi àtijọ́ kò yẹ kó máa wálẹ̀ kọjá ìdajì. Ti lithium, ẹ lè lo ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún iná inú rẹ̀, ó sì máa ń pẹ́ jù ú lọ. Ẹ má to páànẹ́ẹ̀lì sílẹ̀ pẹrẹsẹ, ẹ jẹ́ kó dagun tó ìwọ̀n digíríì 10 ó kéré tán kí òjò lè máa fọ̀ ọ́. Kí káfíńtà òrùlé sì ti mọ̀ ṣáájú pé ẹrù yẹn ń bọ̀.

## Ìgbésẹ̀ 9: Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn

Ohun tí kò bá sí nínú ìwé, kọngilá ò ní ṣe é. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ rí i pé nǹkan wọ̀nyí wà níbẹ̀:

- ibi tí ilé kọjú sí, pẹ̀lú ìlà òkúta méjì yẹn tí wọ́n ti fi èèkàn sí
- gígùn etí òrùlé àti irú fèrèsé, lórúkọ
- ọjọ́ tí wọ́n á fi rin kọnkéré, àti ẹni tí á máa rin ín
- ibi tí wọ́n á máa kó pàǹtírí sí, àti pé wọn ò ní sun náílọ́ọ̀nù tàbí àpò sìmẹ́ńtì nínú ọgbà
- ògiri ìdènà láàárín ibi iṣẹ́ àti ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré

Bí ẹ bá fẹ́ ìwé ẹ̀rí, EDGE wà, tí ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé tó ń jẹ́ IFC dá sílẹ̀. Ó ń béèrè pé kí ilé dín iná, omi àti ìpalára tí ṣíṣe ohun ìkọ́lé ń ṣe fún àyíká kù ní ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ ò bá tiẹ̀ fẹ́ ìwé ẹ̀rí, ẹ lè lo ohun èlò ìṣirò rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ láti fi dán àwòrán yín wò.

## Bí owó ò bá tó

Ẹ má gé etí òrùlé, ẹ má gé fèrèsé apá kejì. Èyí ni kí ẹ dín kù, bí mo ṣe tò ó yìí:

1. Ẹ fi sólà sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, ẹ kàn jẹ́ kí wọ́n fi páìpù wáyà rẹ̀ sínú ògiri.
2. Ẹ fi ògiri sílẹ̀ láìrẹ́ ẹ níta, bí bíríkì yín bá dára.
3. Ẹ ra táǹkì kékeré báyìí, kí ẹ fi àyè sílẹ̀ fún èkejì.
4. Ẹ kọ́ kíláàsì mẹ́rin tó pé dípò mẹ́fà tó lábùkù.

## Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti wọlé

- Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọọdún: ẹ kó ewé kúrò nínú gọ́tà, ẹ fọ táǹkì.
- Lóṣooṣù: ẹ wo ìdí ògiri bóyá ikán ti ń mọ ọ̀nà gòkè.
- Ní ìsinmi gígùn: ẹ nu páànẹ́ẹ̀lì, ẹ di ìṣó páànù tó ti tú.

Ẹ ra tẹmómítà méjì. Ẹ gbé ọ̀kan kọ́ sínú kíláàsì tuntun, èkejì sínú ọ̀kan lára àwọn àtijọ́, ní ibi tí oòrùn ò dé, ní gíga orí ọmọ tó jókòó. Kí akẹ́kọ̀ọ́ méjì máa kọ ohun tí wọ́n bá kà sílẹ̀ ní aago kan ọ̀sán lójoojúmọ́ fún sáà kan gbáko. Ìwé yẹn ni kí ẹ gbé síwájú ayàwòrán nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ kọ́ òmíràn.